Ohun tó yẹ kí ọkọ mọ̀ kí ó sì ṣe nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ń gba ìtọ́jú nítorí ọmọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tó wà ní Àbújá àti káàkiri àwọn ìlú Òkè Ọya, bí ọdún kan bá ti kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó tí oyún kò sì tíì dúró, obìnrin ni gbogbo ojú máa ń wò. Òun ni yóò kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn, òun ni wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, òun náà ni wọn yóò sì di àgbo ránṣẹ́ sí láti Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, a máa ń rí ìṣòro lára ọkùnrin, yálà lára rẹ̀ nìkan tàbí lára àwọn méjèèjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà ni yóò bá ìṣòro yìí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ tó bá ń ka ìtọ́sọ́nà yìí mọ̀ ni pé kì í ṣe pé ó ń sin ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òun náà wà lára ẹni tí a ń tọ́jú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka oṣù yín dáadáa kí ẹ tó sọ pé ọmọ ń pẹ́

Àwọn dókítà máa ń ní kí tọkọtaya wá fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ti ń ní ìbálòpọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìlo ohunkóhun tó ń dènà oyún, tí oyún kò sì wáyé. Bí ìyàwó bá ti pé ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 6 ni kí ẹ dúró mọ, nítorí pé ẹyin obìnrin ń dín kù, ó sì ń rẹ̀ sílẹ̀, bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró rárá: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í bọ́ sí àkókò, ọkùnrin tí kórópọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹni tí ṣẹ́gẹ̀dẹ̀ mú lẹ́yìn tó ti bàlágà tí kórópọ̀n rẹ̀ sì wú, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún, àti ẹni tó ti gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí à ń gbé Àbújá gan-an. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń ṣiṣẹ́ níbí nígbà tí ìyàwó wà ní Ìbàdàn, ní Kàdúná tàbí ní Èkó, tí wọ́n sì ń rí ara wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lóṣù. Ọdún kan tí ẹ fi gbé báyìí kò tíì tó ọdún kan ní ti wíwá ọmọ. Ẹyin obìnrin kì í lò ju wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tó bá ti jáde, sípáàmù ọkùnrin, ìyẹn irúgbìn kéékèèké tó wà nínú àtọ̀, sì lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, nítorí náà nǹkan bí ọjọ́ 6 péré ló wà nínú oṣù tí oyún lè fi dúró, ọjọ́ tí ẹyin jáde ló sì kẹ́yìn wọn. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Bí oṣù ìyàwó yín bá ń pé ọjọ́ 28, ẹ ka ọjọ́ 14 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí nǹkan oṣù. Bí ó bá ń pé ọjọ́ 32, ó di nǹkan bí ọjọ́ 18. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni kí ẹ gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ fún, kì í ṣe ọjọ́ tí òde ìnáwó bá bọ́ sí. Àwọn tó ń gbé pọ̀ kò nílò ìṣírò tó le: ìbálòpọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta jálẹ̀ oṣù ti tó, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ẹrù sí tọkọtaya lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọkọ ni kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò àtọ̀ kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ìrora, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí obìnrin yóò san. Ẹ wo àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HSG, níbi tí wọ́n ti ń fún omi kan gba ẹnu ilé ọmọ wọlé kí wọ́n lè fi X-ray wò bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà là; ọ̀pọ̀ obìnrin ni inú máa ń run gidigidi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Lójú tèmi, kò tọ́ kí obìnrin kankan gun bẹ́ẹ̀dì HSG nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Kí ọkùnrin má sì sọ pé òun ti bímọ rí, tàbí pé ara òun le dáadáa nínú ìbálòpọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ọmọkùnrin dìde, ọ̀tọ̀ ni kí sípáàmù wà nínú àtọ̀, ẹni tó sì bímọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti ní ìṣòro láti ìgbà náà.

Ẹ lọ sí láàbù tí yóò wo àtọ̀ náà láàárín wákàtí kan, tí yóò sì kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, kì í ṣe iye nìkan. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó. Àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba, bíi National Hospital ní Àbújá, ilé-ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika lẹ́bàá Sáríà, ti Aminu Kano ní Kánò àti ti Yunifásítì Jọ́s, ní àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹ kò bá mọ ibòmíràn.

Kí àtọ̀ má ti jáde lára yín fún ọjọ́ 2, ó kéré tán, kí ó má sì ju ọjọ́ 7 lọ, kí ẹ tó lọ. Ike tí láàbù bá fún yín nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú ara, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí pé ọṣẹ, itọ́ ẹnu, ìpara àti òróró ń pa sípáàmù. Gbogbo àtọ̀ ni kó wọ inú ike. Èyí tó kọ́kọ́ jáde gan-an ló ní sípáàmù jù, nítorí náà bí ó bá dànù, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ti ilé gbé e wá gbọ́dọ̀ dé láàárín wákàtí kan, kí ó fi ike náà mọ́ra lábẹ́ ẹ̀wù, kì í ṣe kí ó gbé e síwájú ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù inú ọkọ̀ tàbí sínú oòrùn. Àwọn tó ń gbé Mararaba mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní ọ̀nà Nyanya ṣe máa ń rí láàárọ̀; fún irú wọn, yàrá tí láàbù yà sọ́tọ̀ ló dára jù. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè béèrè rọ́bà àkànṣe tí kò ní oògùn nínú, tí a lè lò pẹ̀lú ìyàwó nínú ilé. Rọ́bà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn kò dára fún un.

Bí ibà líle bá ti ṣe yín láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, nítorí pé ooru ara ìgbà náà lè ti dín iye sípáàmù kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka èsì náà pẹ̀lú dókítà, ẹ má ṣe dá a kà

Ìwé ìtọ́ni tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Àwọn òǹkà tó kéré jù nínú rẹ̀ ni pé kí àtọ̀ tó mílílítà 1.4, kí sípáàmù tó mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ tó mílíọ̀nù 39, kí ìdá 42 nínú 100 máa mira, kí ìdá 30 nínú 100 máa sáré lọ síwájú, kí ìdá 4 nínú 100 sì ní ìrísí tó péye. Òǹkà tó kẹ́yìn yìí ló ń kó ìpayà bá ọkùnrin jù, nítorí ẹni tó bá rí i pé ìdá 94 nínú sípáàmù òun ni kò ní ìrísí tó péye yóò rò pé ọ̀rọ̀ òun ti parí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá 6 tó kù ti ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ.

Ara àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti mú àwọn òǹkà yìí, ìdá 5 nínú 100 àwọn bàbá wọ̀nyí sì wà lábẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó wà lókè òǹkà kò tíì rí ìdánilójú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì tíì gba ìdájọ́. Àtọ̀ ọkùnrin kan náà máa ń yàtọ̀ láti oṣù sí oṣù. Bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára, wọn yóò ní kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn fún yín lórí èsì kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní stáfù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ìlú wa ló ti fi ọdún gbáko mu oògùn kòkòrò tí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi nítorí pé láàbù kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé stáfù wà nínú àtọ̀ wọn. Kòkòrò yìí ń gbé lára awọ ènìyàn, ó sì rọrùn kí ó ti ọwọ́ tàbí ojú ara wọ inú ike. Bí kò bá sí àmì àìsàn, tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú àtọ̀ kò sì pọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí ó má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọmọ tí ẹ ń wá. Àtọ̀sí àti klamídíà ni kòkòrò tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé wọ́n lè dí ọ̀nà ẹyin obìnrin àti ọ̀nà àtọ̀ ọkùnrin. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú wọn, tọkọtaya ni kó jọ lo oògùn náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àtọ̀ tó ki tàbí tó ṣàn bí omi, tí àwọn olóògùn máa ń fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ ní gáréèjì, kò lè sọ iye sípáàmù tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí èsì bá sọ pé kò sí sípáàmù kankan, ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì púpọ̀: ṣé ara kò ṣe sípáàmù ni, àbí ó ń ṣe é tí ọ̀nà dí? Dókítà yóò fi ọwọ́ yẹ kórópọ̀n wò, yóò sì ní kí wọ́n wo FSH àti testosterone, àwọn èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ kórópọ̀n, nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, wọ́n sábà máa ń rí sípáàmù fà jáde láti inú kórópọ̀n, kí wọ́n sì fi ọ̀kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin nípasẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ICSI. Ọdún 1992 ni àwọn dókítà ní Brussels ròyìn àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lọ́nà yìí. Àní nígbà tí kì í ṣe pé ọ̀nà dí, wọ́n máa ń rí díẹ̀ nínú kórópọ̀n àwọn kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta

Sípáàmù kan máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí ó tó dàgbà tán, yóò sì tún lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ó tó ṣetán láti jáde. Ohun tí ẹ bá jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni yóò hàn nínú èsì. Abẹ́rẹ́ testosterone àti oògùn tí àwọn kan ń lò ní ibi ìdárayá kí iṣan wọn lè yọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa tì, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ọpọlọ dá kórópọ̀n dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń dun mí pé àwọn ọkùnrin kan ń gba abẹ́rẹ́ yìí nítorí pé ọmọ ni wọ́n ń wá. Bí ẹni tó kọ ọ́ fún yín bá jẹ́ dókítà, ẹ sọ fún un pé ọmọ ni ẹ ń wá, kí ó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Sìgá, ṣíṣà, igbó, tramadol àti ọtí líle, pẹ̀lú paraga tí ọtí wà nínú rẹ̀, ń ba sípáàmù jẹ́ tàbí ń dín agbára ìbálòpọ̀ kù. Burantashi, èèpo igi lílọ̀ tí àwọn ọkùnrin kan ń lò fún agbára ìbálòpọ̀, tí wọ́n ń bù sí ẹran sísun, kò ní ìwọ̀n lílò kankan lára, ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ máa fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ dánwò. Ooru náà ń pa iṣẹ́ kórópọ̀n lára, ìdí rẹ̀ nìyí tí Ọlọ́run fi gbé e síta ara. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ẹ wọ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí kò fún, kí awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti oníbúrẹ́dì máa dìde kúrò nídìí iná àti lórí ìjókòó gbígbóná lóòrèkóòrè, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin tí ooru Àbújá máa ń mú. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró fúnra yín. Dókítà ni kí ẹ bi.

Bí iṣan inú apò kórópọ̀n bá wú, tí ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ, ní ẹ̀gbẹ́ òsì pàápàá, ẹ fi hàn dókítà. Iṣẹ́ abẹ fún un máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jọ jókòó níwájú dókítà, kí ẹ sì mú ìbéèrè lọ́wọ́

Oògùn oníhóró tó ń jẹ́ kí ẹyin jáde ti tó fún àwọn kan. Fún àwọn mìíràn, wọn yóò fọ àtọ̀, wọn yóò sì fi sípáàmù tó dára sínú ilé ọmọ ní ọjọ́ tí ẹyin bá ń jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní IUI. IVF, níbi tí wọ́n ti ń da ẹyin àti sípáàmù pọ̀ nínú láàbù kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀, ìyẹn oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sínú ilé ọmọ, ni ti àwọn tí ọ̀nà ẹyin wọn dí, tí sípáàmù wọn kéré púpọ̀, tàbí tí ọjọ́ orí kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró mọ́. Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní ilẹ̀ wa: ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, Louise Brown, ni wọ́n bí ní ọdún 1978 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1989 sì ni wọ́n bí ti Nàìjíríà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, lábẹ́ ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru. Àwọn ilé-ìwòsàn tó ń ṣe é ní Àbújá ti pọ̀ báyìí.

Nítorí pé wọ́n pọ̀, ẹ fara balẹ̀ béèrè. Ẹ má ṣe béèrè pé mélòó ló lóyún. Ẹ béèrè pé nínú àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyàwó yín lọ́jọ́ orí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀, mélòó ló gbé ọmọ lọ sílé. Ilé-ìwòsàn tó bá ṣèlérí pé dandan ni oyún, ẹ kúrò níbẹ̀, nítorí pé ní ibi tó dára jù pàápàá, ju ìdajì ìgbìyànjú lọ ni kì í bọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá owó oògùn, síkáànù, oògùn oorun àti títọ́jú ọlẹ̀ sínú yìnyín wà nínú iye tí wọ́n dá, torí pé ibẹ̀ ni owó máa ń pọ̀ sí láìrò tẹ́lẹ̀. IVF kan máa ń wọ mílíọ̀nù náírà. Kí ẹ tó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín, kí tọkọtaya fẹnu kò lórí ìgbà mélòó tí ẹ lè ṣe é láìta ilé tí ẹ ń gbé.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n lè yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, kí ẹ lè mọ èyí tí kì í ṣe SS. Bákan náà, bí wọ́n bá dábàá ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe dáhùn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fọwọ́ sí i, Ìjọ Kátólíìkì kò sì fọwọ́ sí IVF fúnra rẹ̀; ẹ lọ bá ààfáà tàbí àlùfáà yín sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fara mọ́ ìpinnu náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iṣẹ́ tiyín ní ọ̀sẹ̀ ìtọ́jú

Fún nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 14, ìyàwó yín yóò máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ kí ẹyin púpọ̀ lè dàgbà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa lọ fún síkáànù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fún abẹ́rẹ́ náà. Ọkọ tó mọ̀ ọ́n fún, tó sì ń jí ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ láti fún un, ti gba ìdajì ẹrù náà lórí ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríjì. Ẹ ka ara páálí rẹ̀, ẹ bi apòògùn bí yóò ti pẹ́ tó bí iná bá lọ, kí ẹ sì ní kúlà àti yìnyín nílé, nítorí pé iná kì í pe ènìyàn kó tó lọ. Àwọn tó ń ti Lókójà tàbí Mínnà wá gba oògùn ní Àbújá gbọ́dọ̀ gbé kúlà dání lọ.

Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò ní wákàtí tí wọ́n dá fún un, àní bí ó jẹ́ ààjìn òru. Wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò fa ẹyin jáde. Bí ẹ bá fún un láìpé àkókò tàbí tí ẹ pẹ́ jù, ìtọ́jú náà lè bàjẹ́. Ẹ gbé aago sílẹ̀ lórí fóònù méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fa ẹyin jáde ni wọn yóò nílò àtọ̀ yín. Ẹ má ṣe gba ìrìn-àjò ibi iṣẹ́ kankan ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkùnrin tó dá ṣáká pé ara wọn kò ní dáhùn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí ìpayà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ó sì ní ojútùú: ẹ ní kí wọ́n gba àtọ̀ kan ṣáájú kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, kí ó wà ní ìpamọ́. Ẹ̀yin ni yóò wa ìyàwó yín lọ sílé, torí pé wọn yóò ti fún un ní oògùn oorun. Ní ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e, bí ikùn rẹ̀ bá ń wú kíákíá, tó ń bì, tó ń tọ̀ díẹ̀, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ilé oògùn, nítorí pé ilé ẹyin lè wú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè léwu.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ̀yin ni kó bá ìdílé yín sọ̀rọ̀

Ìgbésẹ̀ yìí kì í dúró de ìgbà IVF. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, òun sì ni mo kà sí èyí tó nira jù, nítorí pé oògùn kò sí fún un. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbọ́ àti ohun tí yóò gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù lọ bá àwọn ènìyàn tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ìyàwó máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bí ìyá yín bá pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ni ẹ ń dúró dè, ẹ lè fi sùúrù sọ pé: “Màmá, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ yín lọ́kàn. Èmi àti ìyàwó mi jọ wà lọ́dọ̀ dókítà, èmi náà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹ máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ máa pè.” Lẹ́yìn èyí, ẹ rí i pé òun ń pè yín lóòótọ́, kí ẹ sì máa gbé ìpè náà.

Bí ìṣòro bá wà lára yín, ẹ kò nílò láti kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa pe obìnrin náà ní àgàn níwájú yín kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì sílẹ̀, ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìyàwó yín sì gbọ́ pé ẹ dáhùn.

Ẹ kíyè sí àwọn ohun kéékèèké. Àwọn ènìyàn á máa pè é ní Ìyá Ìbejì gẹ́gẹ́ bí àdúrà. Àwọn obìnrin kan fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń gún àwọn mìíràn lọ́kàn. Ẹ bi í léèrè. Bí kò bá lè lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹ dá lọ, kí ẹ gbé ẹ̀bùn ilé yín dání, kí ẹ má sì bínú sí i. Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó ń wá ọmọ jáde síwájú ìjọ, kì í ṣe dandan kí ó jáde. Ní ti ààwẹ̀, yálà ti Ramadan tàbí ti ìjọ, ẹ sọ fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ààfáà tàbí pásítọ̀ yín nípa ìyọ̀ǹda tó wà fún aláìsàn, nítorí wákàtí oògùn kì í dúró de àsìkò ìṣínu.

Ẹ̀yin náà yóò ní ọjọ́ tí ọkàn yín yóò rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tó mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́, tàbí kí ẹ béèrè olùgbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwòsàn náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọ̀sẹ̀ méjì ìdúró àti ohun tó tẹ̀ lé e

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 3 tàbí ọlọ́jọ́ 5 sínú ilé ọmọ, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi ẹ̀jẹ̀ wo oyún. Kò nílò kí ó máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní kí ọlẹ̀ jábọ́. Ẹ má ṣe ra àyẹ̀wò ìtọ̀ oyún ṣáájú àkókò, nítorí pé abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ọjọ́sí lè mú kí ó sọ pé oyún wà nígbà tí kò sí. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá yọ, kí ó má ṣe dá progesterone, oògùn tó ń ran ilé ọmọ lọ́wọ́ láti gba ọlẹ̀ dúró, dúró títí tí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Bí oyún bá wà, wọn yóò ṣe síkáànù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 láti rí i pé inú ilé ọmọ ló wà. Inú rírun líle ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí òòyì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe ohun tí a lè dúró di àárọ̀ kí a tó lọ sílé-ìwòsàn.

Bí kò bá sí, ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe béèrè ohun tó jẹ tàbí ohun tó gbé, torí kò sí ohun tó ṣe tó fà á. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún bí ó bá fẹ́ sunkún, kí ẹ sì sún gbogbo ọ̀rọ̀ owó àti ti ìgbà tó ń bọ̀ síwájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ jọ padà lọ bá dókítà, kí ẹ béèrè bí ẹyin ṣe rí, bí sípáàmù ṣe rí, bí ọlẹ̀ ṣe dàgbà sí, àti ohun tí yóò yí padà bí ẹ bá tún un ṣe. Bí ọlẹ̀ bá kù nínú yìnyín, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún láti tọ́jú rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí ìwé ohun tí wọn yóò ṣe sí i bí ẹ kò bá nílò rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi ìwé náà àti gbogbo rìsíìtì sí ibi tí ìyàwó yín mọ̀ nílé.